Ta Ni Ń Yẹ Iṣẹ́ Wò?

Ẹjọ́ tí kì í tán lẹ́nu àwọn àgbà ni pé ọmọ ìsinsìnyí kò mọṣẹ́ mọ́. Bíríkìlà mọ ògiri, ògiri wọ́. Télọ̀ rán bùbá, ọrùn rẹ̀ ya sí ẹ̀gbẹ́ kan. Káfíńtà kan ilẹ̀kùn ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí òjò dé kò ṣeé tì mọ́. Bí a bá bi àwọn tó ń ráhùn pé kí ló fà á, ìdáhùn kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń fún wa: ìwà ló bàjẹ́. Ọmọ òde òní kò ní sùúrù, owó kíákíá ló ń lé, kò fẹ́ jìyà lẹ́sẹ̀ ọ̀gá. Ìdáhùn yìí tọ́ sí àyẹ̀wò, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ló wà nínú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ òòlù àti abẹ́rẹ́ lọ. Ẹni tó ní ìwà ló bàjẹ́ ń sọ pé inú ọkàn oníṣẹ́ nìkan ni iṣẹ́ rere ti ń wá, pé ìran kan ní in, pé ìran tó tẹ̀ lé e sọ ọ́ nù. Èmi kò gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọnù láàárín wa ni ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò, tó sì láṣẹ láti ní kí wọ́n tú u. Àwọn àgbà tó ń ráhùn yìí gan-an ni wọ́n sì kúrò nídìí iṣẹ́ àyẹ̀wò náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ láti ọ̀run, níbi tí àwọn babaláwo ti máa ń mú un. Nínú ìtàn kan láti inú odù Ifá tó ń jẹ́ Ògúndá Méjì, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá wà lára àwọn tó kọ ọ́ sínú ìwé, Àjàlá ni amọ̀kòkò tó ń mọ orí tí ẹ̀dá ń yàn kó tó wá sáyé. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ àtijọ́ kò lábùkù, kó wo baba yìí dáadáa. Onígbèsè ni. Olówó ń wá a kiri, ó sá gun òkè àjà. Nínú orí tó mọ, ọ̀pọ̀ ni kò jinná, òmíràn ti sán, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn wà pọ̀ lójú kan náà pẹ̀lú àwọn tó dára. Oríṣéékú ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìja dé ibẹ̀, wọn kò rí Àjàlá, wọ́n mú èyí tó wù wọ́n lójú, wọ́n bá tiwọn lọ. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí amọ̀ tútù ń re dànù, nígbà tí wọ́n sì dé ayé, wọ́n ṣiṣẹ́ títí, èrè kò sí. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà bá olówó nídìí gbèsè, ó bá Àjàlá san án, amọ̀kòkò sọ̀ kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì bá a ṣa orí tó jinná.

Ẹ̀kọ́ àyànmọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi ìtàn yìí kọ́ni, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ojú oníṣẹ́ wò ó. Àjàlá kì í ṣe ènìyàn búburú, kò sì sẹ́ni tó lè pè é ní ọmọ ìsinsìnyí. Ó mọṣẹ́ dé góńgó, òun sì mọ èyí tó jinná nínú gbogbo ohun tó mọ. Àìsí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kó tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìyọnu, pẹ̀lú gbèsè tí kò jẹ́ kó fara balẹ̀ tó. Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà lọ ni òjò pa, Àjàlá wà lábẹ́ òrùlé. Ẹ rántí Ọbàtálá náà, tó mu ẹmu, tó sì mọ àwọn ènìyàn tí ara wọn kò pé. Àwọn olùsìn rẹ̀ kò jókòó máa dárò pé ìwà òrìṣà ti bàjẹ́. Wọ́n sọ ẹmu di èèwọ̀, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà sì ń pa á mọ́ dòní. Àwọn baba wa rí iṣẹ́ burúkú, wọ́n rí i lọ́wọ́ àwọn tó ga jù lọ, wọ́n sì wá ìlànà sí i.

Ẹ̀sùn tí a fi ń kan àwọn ọ̀dọ́ yìí pàápàá ti pẹ́ nílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920, iṣẹ́ adìrẹ gbilẹ̀ ní Abẹ́òkúta débi pé àwọn oníṣòwò ń wá ra aṣọ láti Gold Coast tó di Gánà lónìí, àti láti Senegal. Ewé ẹ̀lú ni àwọn aláró fi ń ṣe aró láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wọ́n á gún un, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi eérú, wọ́n á dúró títí yóò fi kan, lẹ́yìn náà ni aṣọ á máa wọ inú rẹ̀ tí á sì máa jáde títí yóò fi dúdú bó ṣe yẹ. Aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà dé, wọ́n gé ìrìn náà kúrú. Ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n sódà á bù ú jù, sódà á jẹ aṣọ, tàbí kí aró ṣí nígbà àkọ́fọ̀. Àwọn tó ń rajà bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ní 1936, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, ọba ìlú náà, fòfin de aró òyìnbó àti sódà. Àwọn aláró yarí. Wọ́n gba lọ́yà, ìjọba amúnisìn gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, òfin Kábíyèsí kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àwọn ìyá tí wọ́n ń bú ní 1936 pé wọ́n ba iṣẹ́ adìrẹ jẹ́ ni a ń gbé aṣọ wọn yọ lónìí láti inú àpótí, tí a ń fi í han ọmọ pé ẹ wo iṣẹ́ àtijọ́. Ó yẹ kí èyí nìkan mú kí ẹni tó ń dá ìran lẹ́bi rọra. Ṣùgbọ́n kò yẹ ká ti ibẹ̀ sọ pé àròyé lásán ni ti Aláké. Aṣọ bàjẹ́ lóòótọ́, oníbàárà lọ lóòótọ́. Àwọn aláró náà sì ní ẹjọ́ tiwọn: ọrọ̀ ajé gbogbo ayé ti dẹnu kọlẹ̀ láti 1929, owó kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń ra aṣọ, èyí tí kò wọ́n ló ń béèrè. Tọ̀tún tòsì ló jàre. Ibi tí mo ti rí àléébù ni pé ohun èlò ni òfin náà gbógun tì, kò yan ẹni tí yóò máa wo aṣọ kó tó dé orí àtẹ. Sódà kò lẹ́jọ́ lọ́rùn. Lónìí, aró òyìnbó ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú adìrẹ Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta àti ti Òṣogbo, ẹni tó bá mọ ìwọ̀n rẹ̀ ń ṣe aṣọ tó ń gbó kí aró rẹ̀ tó ṣí. Ẹni tó ń ra aṣọ ní ọjà kò lè mọ èyí tí wọ́n bu sódà jù sí. Ó di ìgbà tó bá délé, tó bá fọ̀ ọ́. Ìdánwò aṣọ jìnnà sí ọwọ́ ẹni tó pa á láró, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti ń rí àyè bàjẹ́.

Níbi tí ojú tó mọ iṣẹ́ bá ti dúró tì í, iṣẹ́ kì í tètè wó. Gbẹ́nàgbẹ́nà Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún Ògògà, ọba Ìkẹ̀rẹ́, tó gbòde débi pé wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1924. Àwọn ọba tó ń gbéṣẹ́ fún un dàgbà láàárín òpó gbígbẹ́. Ẹni tó bá gbé èyí tí kò dára wá fún wọn, wọn á mọ̀. Nígbà tí àwọn onísìn òrìṣà dín kù tí ẹni tó ń béèrè ère sì dín kù, Fadá Kevin Carroll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ Àgùdà dá ibi iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Òyé-Èkìtì ní 1947. Bándélé, ọmọ Arẹ̀ògún gbẹ́nàgbẹ́nà Òsì, ni ọ̀gá níbẹ̀. Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tó jẹ́ Mùsùlùmí, ló kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tó fi di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Ọmọ ẹni tó ń gbẹ́ ère òrìṣà ń kọ́ ọmọ Mùsùlùmí ní iṣẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn Kristẹni! Ẹ̀sìn yí padà, oníbàárà yí padà, àmọ́ àwọn ìpele gbígbẹ́ igi, lílé, dídán àti fínfín, kò yí padà, torí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà nítòsí láti sọ pé èyí kò tíì dán tó.

Ṣé a ṣì fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni? Bí onílé l'Ékòó bá fẹ́ kí táìlì rẹ̀ tẹ́jú, tí kò sì fẹ́ ìyọnu, ó sábà máa ń ní kí wọ́n bá òun wá ará Kútọnu tàbí ará Tógò. Èyí kì í ṣe àṣírí mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ tiwa náà mọ̀ ọ́n, ó sì ń dùn wọ́n. Àwọn tí wọ́n ń wá lọ yìí ń kọ́? Ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tí a ń bú nílé. Irú fóònù kan náà ló wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá láti ìhà Kétu àti Sábẹ̀. Bó bá jẹ́ ìran ló bàjẹ́, ó yẹ kó ti bàjẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyàtọ̀ kan tí mo rí ni pé ní orílẹ̀-èdè Benin tí Kútọnu wà àti ní Tógò, ìdánwò wà fún ọmọ tó bá parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹni tó yàtọ̀ sí ọ̀gá rẹ̀ sì ń wo iṣẹ́ rẹ̀ kó tó gbàwé. Ní tiwa, ìdánwò oníṣẹ́ ọwọ́ wà lọ́dọ̀ ìjọba, àmọ́ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì kò bá a dá nǹkan pọ̀. Fírídọ̀ọ̀mù ni a ń ṣe. A ó da àǹkárá, a ó ra ohun mímu, ọ̀gá á gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí, á súre fún un, á gbé ìwé lé e lọ́wọ́, gbogbo ayé á ṣe àmín. Ayẹyẹ tó dùn ni, mi ò kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ yẹn rán nǹkan kan tàbí kó tún nǹkan kan ṣe lójú àwọn ọ̀gá yòókù. Owó fírídọ̀ọ̀mù sì ń wọ àpò ẹni kan ṣoṣo tó láṣẹ láti sọ pé ọmọ náà kò tíì mọ̀ ọ́n. Ta ni yóò dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tí yóò dá ara rẹ̀ lẹ́bi?

Ẹ yẹ Computer Village, ọjà fóònù ní Ìkẹjà, náà wò. Àwọn ọmọ tí wọ́n ní kò ní sùúrù ló jókòó síbẹ̀ láti òwúrọ̀, tí wọ́n gbójú lé awò asọ-nǹkan-di-ńlá, tí wọ́n ń jó ohun tí kò tó orí abẹ́rẹ́ pọ̀ nínú ikùn fóònù. Sùúrù wo ló tún ju ìyẹn lọ? Iṣẹ́ wọn ń dáa nítorí pé oníbàárà dúró sí wọn lórí. Fóònù á tàn tàbí kò ní tàn. Ìdánwò wà níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, irọ́ kò lè dúró. Bíríkìlà tó dín sìmẹ́ǹtì kù ní tirẹ̀ lè ti ná owó náà tán kí ògiri tó lanu.

Wọ́n á ní mò ń gbè sẹ́yìn ọmọ. Wọ́n á ní ṣebí a rí wọn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ fún oṣù mélòó kan tí wọ́n sá lọ gun ọ̀kadà, a sì rí àwọn tó jẹ́ pé jìbìtì Yahoo ni wọ́n yàn láàyò. Òótọ́ ni, mi ò ní sọ pé wọn kò jẹ̀bi. Àmọ́ ọmọ tó rí i pé ẹni tó kọ́ṣẹ́ ọdún mẹ́rin àti ẹni tó kọ́ ọ ní oṣù mẹ́rin ń gba iye kan náà lọ́wọ́ oníbàárà kan náà, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ìyàtọ̀, kò ya aṣiwèrè bó bá yan oṣù mẹ́rin. Àwọn mìíràn á ní ìyà tí wọ́n ń jẹ lábẹ́ ọ̀gá láyé àtijọ́ ló ń kọ́ni ní ìwà. Ìyà pọ̀ nígbà náà lóòótọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú iṣẹ́. Ọmọ ń pọnmi, ó ń gbé ọmọ ìyàwó ọ̀gá pọ̀n, ó ń fọ aṣọ, ọdún kan lọ kó tó di irinṣẹ́ mú. Ohun tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni ọjọ́ tí ọ̀gá wo ohun tó ṣe tó ní kó tú u palẹ̀ kó tún un ṣe. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ la gé kúrò. A sì wà nínú àwọn tó gé e: nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wọ́n kó ẹ̀rọ iṣẹ́ ọwọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ káàkiri Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò sì kúrò nínú àpótí, torí kò sí iná, kò sí olùkọ́. Kì í ṣe ọmọ ọdún méjìlá ló kùnà níbẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àmọ́ àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn.

Ìbéèrè tó le jù kù. Iṣẹ́ wà tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè dé inú rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti parí rẹ̀. Ta ni yóò wo irin inú kọnkéré? Ibí yìí ni àwọn onígbàgbọ́ ti ń sọ pé ẹ̀rí ọkàn nìkan ló kù, pé ẹni tó bá mọ̀ pé Ọlọ́run ń rí òun kò nílò olùyẹ̀wò. Ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà láàárín wa ló sì ka iṣẹ́ ọwọ́ sí. Bíbélì sọ pé Ẹ̀mí Ọlọ́run bà lé Besalẹli kó lè ṣiṣẹ́ wúrà, fàdákà àti igi nínú àgọ́. Ẹni tó ń sin Ògún ń fi ẹnu kan irin búra ní kóòtù dòní. Ẹ wá wo bí irin ilé ṣe ń tín-ín-rín ní àwọn ìlú tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pọ̀ sí. Kí ló dé tí ìgbàgbọ́ kò wọ inú kọnkéré? Ìdí kan ni ohun tí a ń jẹ́rìí sí. Ẹni tó gba kọ́ńtíráàtì á dìde láàárín ìjọ, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnìkan dìde dúpẹ́ pé Olúwa ran òun lọ́wọ́ tí òun fi po sìmẹ́ǹtì bó ṣe yẹ kó pọ̀ tó. Rírí iṣẹ́ gbà ti di ìbùkún, ṣíṣe iṣẹ́ náà dáadáa ti di ọ̀rọ̀ ara ẹni.

Ìdí kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ẹ̀rí ọkàn oníṣẹ́ kì í bá a wáyé. Ojú ọ̀gá tó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń wọ inú rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, tí yóò fi di pé bí ọ̀gá kò tilẹ̀ sí nílé, ọwọ́ rẹ̀ á kọ̀ láti fi nǹkan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọn kò ní kó tú iṣẹ́ rẹ̀ rí kò mọ ibi tí ojú Ọlọ́run yóò wò nínú iṣẹ́ náà. Ó lè bẹ̀rù Ọlọ́run tọkàntọkàn kó sì to búlọ́ọ̀kù tó wọ́, torí kò rí i pé ó wọ́. Nínú Hádíìsì, Ànábì Muhammad dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oúnjẹ oníhóró lọ́jà, ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ó bá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní tútù, ó sì bá a wí pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sókè kí àwọn èèyàn rí i. Ìwàásù nìkan kọ́ ni Ànábì ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ ná. Èrò mi ni pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run àti àyẹ̀wò kì í dí ara wọn lọ́wọ́. Àyẹ̀wò ló ń fún ìbẹ̀rù yẹn lójú tó fi ń ríran.

Ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí l'Ékòó ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021 pa èèyàn tó lé ní ogójì. Ìjọba ti ti ibẹ̀ pa nígbà kan ṣáájú, wọ́n sì tún ń kọ́ ilé lọ lẹ́yìn náà. Ní Ìta Fàájì l'Ékòó kan náà lọ́dún 2019, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wà nínú ilé tó wó. Kì í ṣe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ń fọwọ́ sí ìwé ilé, òun kọ́ ló ń ní kí wọ́n ṣí ilé tí a tì. Àwọn tó ń ṣe èyí ti ní irun funfun, orúkọ oyè sì ń ṣáájú orúkọ wọn. Àwa oníbàárà náà kò mọ́ nínú rẹ̀, àwa tí a ń ná owó iṣẹ́ títí oníṣẹ́ ò fi ní rí èrè jẹ bí kò bá dín ohun èlò kù.

Bí ẹ bá ń kọ́lé lọ́dún yìí, ẹ san owó fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kó wá wo irin kí wọ́n tó da kọnkéré bò ó, bí kò bá sì dára, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u, kí ẹ san owó títú náà. Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ náà, ẹ má ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún ọmọ kankan mọ́ títí ọ̀gá méjì láti ṣọ́ọ̀bù mìíràn yóò fi wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fún wọn láyè láti sọ pé kó padà lọ kọ́ ọ sí i.